Màjàlà Mú Ìròyìn Wá: Iná Ìgbẹ́ àti Èéfín Ẹ̀ẹ̀rùn ní Bantè àti Savalou

Láti ìparí oṣù kọkànlá, ẹni tí ó bá gba ọ̀nà ọ̀dà láti Dassa lọ sí Savalou, tí ó sì tẹ̀ síwájú dé Bantè títí lọ sí Bassila, yóò ṣàkíyèsí pé àwọn òkè wa kò hàn kedere mọ́. Oòrùn a máa yọ ní pípọ́n, bí ẹni pé a ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lójú. Àwọn ìyá wa tí wọ́n sá láfún tàbí aṣọ síta a máa bá nǹkan dúdú tín-ín-rín kan lórí rẹ̀, tí ó jẹ́ pé bí ọwọ́ bá ti kàn án ni yóò rún. Màjàlà ni. Àwọn àgbà ní bí pápá bá ń jó lókèèrè, màjàlà ni yóò kọ́kọ́ mú ìròyìn rẹ̀ wálé. Ṣùgbọ́n a kì í fetí sí ìròyìn náà. A ó gbọn aṣọ, a ó fẹ́ ẹ kúrò lórí láfún, iṣẹ́ ọjọ́ a sì máa lọ.

Ìròyìn wo ni ó mú wá? Ó lè jẹ́ ti ẹ̀kan lásán tí ẹnikẹ́ni kò ní í sunkún rẹ̀. Ó lè jẹ́ ti igi èmí, èyí tí àwọn ìyá wa ń rí òrí nínú èso rẹ̀, tí ó ti ń so láti ayé àwọn bàbá ńlá wa. Ó sì lè jẹ́ ti oko kajú tí ẹnìkan ti fi ọdún 10 tọ́jú, tí owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́, màjàlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra. Iná tí ó bí wọn ni kò jọra, ohun tí ó sì yà wọ́n sọ́tọ̀ jù lọ, gẹ́gẹ́ bí mo ti ń gbìyànjú láti ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́dọọdún, ni àkókò tí a tàn wọ́n.

Ọyẹ́ nìkan kọ́

Bí mo bá bi àwọn ọmọ kíláàsì mi léèrè ohun tí ó bo ojú ọ̀run, ọyẹ́ ni gbogbo wọn máa ń dáhùn. Wọ́n gba ìdajì máàkì. Ọyẹ́ a máa fẹ́ wá láti ìhà àríwá ìlà-oòrùn, a sì máa ru eruku aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ nínú eruku náà ń ti inú kòtò ńlá kan wá tí a ń pè ní Bodélé, ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí omi adágún ńlá kan wà rí kí ó tó gbẹ. Eruku yìí funfun, ó pọ́n díẹ̀. Kò ní òórùn iná. Ó sì lè bo ojú ọ̀run fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìsí pé ewé kan ṣoṣo jó.

Èéfín yàtọ̀. Èéfín a máa ta ojú, a máa há ni lọ́fun, òórùn rẹ̀ a sì máa wọ aṣọ tí a kó sínú àpótí. Àárọ̀ kùtùkùtù ni ó máa ń nípọn jù. Ní òru ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ tútù a máa dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ó móoru jù ú lọ a sì dé e mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Èéfín iná tí ó ń jó lálẹ́ kò wá rí ibi gbà lọ sókè. Ó di ìgbà tí oòrùn bá mú kí ó tó ká. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ tí ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ìdájí ni wọ́n ń fà á símú ju ẹnikẹ́ni lọ.

Àwọn sátẹ́láìtì tí ń yí ayé ká máa ń rí ohun tí ojú wa kò lè rí tán láti ilẹ̀. Amẹ́ríkà fi èyí tí ń jẹ́ Terra ránṣẹ́ ní 1999, Aqua sì tẹ̀lé e ní 2002. Ibikíbi tí iná bá ti ń jó, wọ́n a sàmì sí i. Nínú oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, àwọn àmì náà a tò lọ gbọọrọ láti Guinea títí dé Gúúsù Sudan, ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀. Agbègbè Collines wà nínú ọ̀wọ́ náà. Ní gbogbo ayé, ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ nínú ilẹ̀ tí ń jó lọ́dún kan tí ó jẹ́ ti Áfíríkà. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bá sì ń sọ̀rọ̀ iná igbó, California tàbí Australia tàbí Pọtogí ni a ó rí. Ti wa kì í sábà jẹ́ ìròyìn, bóyá nítorí pé ó ń padà wá lọ́dọọdún.

Ta ní ń tàn án?

Mànàmáná kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀ ní àkókò tí òjò ti lọ tán. Ọwọ́ ènìyàn ni. Ọdẹ ń tan iná láti lé ọ̀yà jáde nínú ẹ̀kan, àwọn ọmọkùnrin sì ń fara wé e ní ọjọ́ tí kò bá sí ẹ̀kọ́. Ẹni tí ń wá oyin a fi ògùṣọ̀ lé oyin kúrò nínú ihò igi, a sì fi ògùṣọ̀ náà sílẹ̀ sábẹ́ igi. Darandaran ń tàn án kí koríko tútù lè rú fún màlúù rẹ̀. Àgbẹ̀ ń sun ilẹ̀ tí yóò kọ ebè iṣu sí. Ẹni tí ń sun èédú fún ọjà Cotonou ń ṣọ́ òkìtì rẹ̀ lójú oorun. Ẹlòmíràn ń sun àyíká ilé kí ejò má baà wọlé. Ti ẹni tí ń ju ìdí sìgá láti ojú fèrèsé ọkọ̀, n kò ní í pẹ́ lórí rẹ̀.

Ó rọrùn láti sọ pé àwọn Fúlàní ni. Mo máa ń gbọ́ ọ ní ọjà, mo sì máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí òǹkàwé padà ka àwọn tí mo dárúkọ tán yìí: ọmọ ilé ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìwà ìkà ni gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, nígbà tí Savalou bá ń ṣe ọdún iṣu, tí àwọn ọmọ ìlú ti Cotonou àti Paris dé, tí odó ń dún láti ilé dé ilé, laboko tí a ń gún náà ti inú ilẹ̀ tí iná là wá. Ẹni tí ó bá jẹ iyán náà ti jẹ nínú iṣẹ́ iná. Láti àtijọ́ ni ọ̀dàn wa ti mọ iná. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn igi rẹ̀ ní èèpo tí ó nípọn nítorí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ Olókèméjì

Nígbà tí mo wà ní lísé, ìwé Faransé tí a fi kọ́ wa sọ fún wa pé iná ìgbẹ́ burú, ó sì parí síbẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ní ilẹ̀ Yorùbá gan-an ni wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, ní igbó ìjọba Olókèméjì, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn.

Ní 1929, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka igbó ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀kan, lọ́dọọdún ni wọ́n ń sun ún nínú oṣù kẹta, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti fẹ́ parí, tí gbogbo nǹkan ti gbẹ fínnífínní. Èkejì, oṣù kejìlá ni wọ́n ń sun ún, nígbà tí omi ṣì wà nínú ìdí koríko. Ẹ̀kẹta, wọn kò jẹ́ kí iná kàn án rárá. Ilẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà ni ó ń rọ̀ sí i. Lẹ́yìn ọdún 28, wọ́n padà lọ wọn gbogbo igi tí ó wà níbẹ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1960. Ibi tí iná oṣù kẹta ń jó ti di pápá koríko, igi díẹ̀díẹ̀ ni ó dúró nínú rẹ̀. Ibi tí iná oṣù kejìlá ń jó ní igi tí ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, koríko sì wà láàárín wọn. Ibi tí iná kò dé ti ń di igbó, òjìji igi ti ń pa koríko run. Àwọn Faransé náà bẹ̀rẹ̀ irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ní Kokondékro, nítòsí Bouaké ní Ivory Coast, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn èyí, ohun tí wọ́n rí kò sì yàtọ̀.

Kò ṣòro láti lóye rẹ̀. Iná tí a bá tàn nígbà tí koríko ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ a máa rìn nílẹ̀, a máa jó orí koríko sílẹ̀, ìrì òru a sì máa pa á. Iná oṣù kejì tàbí ìkẹta kò mọ òru. Ó ń gun orí igi, ó ń fò kọjá ọ̀nà, ó ń jó irúgbìn igi tí ó wà nínú ilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá péré ni ó wà láàárín iná méjèèjì yìí.

Àwọn bàbá wa kò ka ìwé Olókèméjì, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, ẹnìkan kì í dá lọ fi iná sí pápá. Olórí ọdẹ àti àwọn tí ó ni ilẹ̀ ni ó ń dá ọjọ́. Gbogbo ilé ni ó ń gbọ́, gbogbo ilé ni ó sì ń jáde, nítorí pé ẹran tí iná bá lé jáde jẹ́ ti gbogbo wọn. Òfin ìwé náà fẹ́ ohun tí ó jọ èyí. Àṣẹ tí Faransé pa lórí igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọjọ́ 4 oṣù keje 1935 fi ìyà lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá tan iná ìgbẹ́ bí ó ti wù ú. Òfin Bẹ̀nẹ̀ tiwa, nọ́ńbà 93-009 ti ọjọ́ 2 oṣù keje 1993, kọ iná tí kò ní olùṣọ́, ṣùgbọ́n ó fàyè gba èyí tí Faransé ń pè ní feux précoces, iná ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, lábẹ́ ojú àwọn Eaux et Forêts. Òfin ìwé kò ṣàìdára. Ọjọ́ tí olórí ọdẹ ń dá ni ó ti sọnù, òfin kò sì rí ẹni tí yóò máa dá ọjọ́ dípò rẹ̀ ní abúlé kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ igbó mélòó ni ó lè ṣọ́ igbó Agoua nìkan, ní Bantè, tí fífẹ̀ rẹ̀ ju hẹ́kítà 70,000 lọ?

Bí ọ̀dá bá dé

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ dá lórí ọdún tí òjò rọ̀ bí ó ti yẹ. Ní ilẹ̀ wa, nǹkan bí mìlímítà 1,100 ni ó ń rọ̀ lọ́dún, láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá. Bí ọ̀dá bá mú kí òjò kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ẹ̀kan ti gbẹ kí àwọn ènìyàn tó ronú kan iná. Àwọn ọ̀sẹ̀ tí iná ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn fi wúlò ni ọ̀dá máa ń jí lọ. Iná tí a tàn ní oṣù kejìlá a wá ṣe bí iná oṣù kẹta.

Àwọn tí ó ti ń rántí nǹkan ní 1983 mọ ohun tí mo ń sọ. Òjò 1982 kò tó, ọyẹ́ tí ó tẹ̀lé e sì pẹ́ púpọ̀. Láti Ivory Coast dé Gáńà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, iná wọ ibi tí kì í wọ̀: inú igbó dúdú, inú oko kòkó, nítorí pé ewé tí ó wọ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi, tí ó máa ń tutù láti ọdún dé ọdún, ti gbẹ. Ní Ivory Coast, ó lé ní 100 ènìyàn tí iná náà pa. Ní Gáńà, ibi tí ó ń kó ju tọ́ọ̀nù 550,000 kòkó jọ ní 1964 sí 1965, nǹkan bí 159,000 péré ni wọ́n rí ní 1983 sí 1984. Iná nìkan kọ́ ni ó fà á, ṣùgbọ́n ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀ gidigidi. Nínú oṣù kìíní 1983 kan náà ni ìjọba Shagari ní Nàìjíríà lé àwọn àlejò tí wọn kò ní ìwé jáde, ó lé ní mílíọ̀nù 1 ènìyàn, àwọn ọmọ Gáńà ni ó sì pọ̀ jù. Ọ̀nà Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ni wọ́n gbà, pẹ̀lú ẹrù lórí, lọ sí ilẹ̀ tí ó ti jó. Ọdún yẹn náà ni Gáńà ṣe òfin pàtàkì kan lórí iná ìgbẹ́.

Ohun kan wà ní Bantè àti Savalou lónìí tí kò pọ̀ tó báyìí ní 1983: kajú. Ìyàtọ̀ ńlá ni ó mú wá. Nígbà tí pápá jẹ́ ilẹ̀ tí ó ń sinmi, iná tí ó bá gba orí rẹ̀ kọjá kò jí ohun púpọ̀ gbé. Iṣu wà nínú ebè, koríko yóò sì tún rú. Nísinsìnyí, ẹni tí ó bá wú iṣu rẹ̀ tán a gbin kajú sórí ilẹ̀ náà. Pápá tí bàbá wa ń sun láìbẹ̀rù ti di ohun ìní ẹnìkan. Kajú a máa bẹ̀rẹ̀ sí í so ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin, ṣùgbọ́n ó di bí ọdún keje kí ó tó so dáadáa. Oṣù kejìlá àti oṣù kìíní ni ó ń tanná, oṣù kejì sí ìkarùn-ún ni a ń ṣà á. Ẹ fi ọkàn bá àwọn oṣù wọ̀nyí lọ: ìgbà tí igi náà ní òdòdó lórí ni iná ń gbilẹ̀. Bí iná kò bá tilẹ̀ jó igi náà, ooru rẹ̀ tó láti mú òdòdó rọ, kò sì sí ìkórè ní ọdún náà. Ewé kajú tí ó ti gbẹ nílẹ̀ a sì máa gbé iná bí bébà.

Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọbìnrin tí orí rẹ̀ pé, tí ó máa ń jókòó ní ìlà iwájú. Nínú oṣù kìíní ọdún kan, iná tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tí ó tàn án jó oko bàbá rẹ̀. Kò sí ẹ̀jọ́, nítorí pé kò sí ẹni tí a ó pè lẹ́jọ́. Nígbà tí a wọlé lẹ́yìn ìsinmi Àjíǹde, ìjókòó rẹ̀ ṣófo. Wọ́n ní ó ti lọ bá ìyá àgbà rẹ̀ ṣòwò ní Parakou. Bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tí iná ìgbẹ́ ń jó, mo máa ń rántí ìjókòó náà kí n tó rántí igi.

Owó tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí yóò sì máa pọ̀ sí i. Láti oṣù kẹrin 2024 ni ìjọba ti dá gbígbé kajú tí a kò tíì ṣe lọ sí òkè òkun dúró, kí àwọn iléeṣẹ́ tí ó wà ní Glo-Djigbé àti níbòmíràn lè máa ṣe é nílé. Iléeṣẹ́ kò lè ṣe kajú tí ó ti di eérú lórí igi.

Èéfín tí kò ní ìwé ìrìnnà

Oko tí ó jó ní olówó rẹ̀. Èéfín kò ní olówó. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ a máa gbé èéfín Borgou gba orí wa kọjá, a gbé tiwa lọ sí Abomey, Cotonou àti Lomé, títí ó fi wọ orí òkun. Àwọn èérún inú rẹ̀ tí ó léwu jù ni èyí tí ojú kò rí, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú 25 ti irun orí. Àwọn ni ó ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, tí wọ́n sì ń ti ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìmọ̀ràn rẹ̀ ti 2021, sọ pé kò yẹ kí ó ju máíkírógíráàmù 15 lọ nínú mítà kúbíkì afẹ́fẹ́ kan láàárín ọjọ́ kan. Ọmọ tí ó ní ikọ́ fée kò nílò ẹ̀rọ láti mọ̀ pé a ti kọjá iye náà.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí ní ìdí òkè wa níbí. Nínú oṣù kẹfà àti oṣù keje 2016, iṣẹ́ ìwádìí kan tí ń jẹ́ DACCIWA gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí Ṣábẹ̀ẹ́, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Savè, sí Ilé-Ifẹ̀ àti sí Kumasi, àwọn ọkọ̀ òfuurufú mẹ́ta sì ń gbéra láti Lomé láti wọn afẹ́fẹ́. Ìgbà òjò ni. Iná kankan kò jó lọ́dọ̀ wa. Síbẹ̀ wọ́n bá èéfín. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 2019 fi hàn pé apá tí ó pọ̀ nínú èérún kéékèèké tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ etí òkun wa nígbà náà ń ti àárín gbùngbùn àti gúúsù Áfíríkà wá, láti ìhà Kóńgò àti Àǹgólà, níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn wà nígbà tí òjò wà níbí. Ó gba orí òkun kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. A ń fi tiwa ránṣẹ́ nínú ọyẹ́, a sì ń gba ti ẹlòmíràn nínú òjò.

Kí n tó gbàgbé: àwọn ìyá tí ń yan gàrí sohoui tí Savalou fi lókìkí ń wà lójú èéfín lọ́dún yípo, ẹnikẹ́ni kì í sì í kọ àpilẹ̀kọ nípa rẹ̀. Èéfín inú ilé ìdáná, gẹ́gẹ́ bí àjọ kan náà ti ṣírò rẹ̀, pa nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn káàkiri ayé ní 2020. Èyí yẹ fún àpilẹ̀kọ tirẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ̀yin ni ẹ ní ọwọ́ tí ó lágbára láti ro ilẹ̀. Ohun tí òṣìṣẹ́ igbó ń pè ní pare-feu kò ju ilẹ̀ gbọọrọ lọ, mítà 5 sí 10 ní fífẹ̀, tí a ro yí oko ká títí tí koríko kankan kò fi sí lójú rẹ̀. Ewé kajú tí a gbá kúrò lábẹ́ igi náà jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ sun pápá, kí ó ké sí àwọn tí oko wọn bá tirẹ̀ pààlà, kí wọ́n wá ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ ti rọ̀, pẹ̀lú ewé tútù àti omi, kí ẹnikẹ́ni má sì padà sílé kí iná tó kú. Mo mọ̀ pé olórí ọdẹ wà síbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ abúlé, àti pé aṣojú mẹ́ẹ̀rì wà ní àrọ́ńdísímáǹ kọ̀ọ̀kan, láti Pira títí dé Tchetti. N kò rí ìdí tí àwọn méjèèjì kò fi lè jókòó papọ̀ pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ àti olórí àwọn darandaran, kí wọ́n dá ọjọ́ kan fún iná, kí wọ́n sì polongo rẹ̀ ní ọjà àti lórí rédíò.

Òjò ìkẹyìn sábà máa ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa ní ìparí oṣù kẹwàá. Láti ìgbà náà títí di ìgbà tí ẹ̀kan yóò gbẹ tán, ó lè tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún ní ọdún tí ó dára; bí ọ̀dá bá wà, kò ní í tó bẹ́ẹ̀.